Ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe igi: bí àwọn onímọ̀ ewéko ṣe ń pe ẹ̀yà ara igi àti ewé lórúkọ

Ẹni tó bá pẹ́ díẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì yóò ti pàdé àríyànjiyàn yìí. Ẹnì kan á ní tòmátì kì í ṣe ẹ̀fọ́, pé èso ni. Ẹlòmíràn á bi í pé kí ló dé tí wọn kì í kó o mọ́ ọsàn nígbà náà. Kí wọ́n tó parí ìyẹn, ẹnì kẹta á gbé èyí tó tún le jù dé: ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe igi, bẹ́rì ni èso rẹ̀, ṣùgbọ́n sitirọ́bẹ́rì tó ní bẹ́rì lórúkọ kì í ṣe bẹ́rì rárá. Àwọn tó ń kà á á rẹ́rìn-ín, wọ́n á ní àwọn onísáyẹ́ǹsì ti tún dé.

Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí irọ́ nínú gbogbo ẹ̀ o. Ohun tó ń da ọ̀rọ̀ rú ni pé ohun tí nǹkan jọ àti ohun tí a ń fi í ṣe ni àwa máa ń wò kí a tó pè é lórúkọ. Ibi tó ti yọ ni àwọn onímọ̀ ewéko ń wò. Bí àgbàlagbà bá rí ọmọ tí kò mọ̀ rí, kì í yẹ aṣọ ọrùn rẹ̀ wò, ohun tí yóò bi í ni pé, "Ọmọ ta ni ọ́?" Ìbéèrè yẹn gan-an ni wọ́n ń bi ẹ̀gún, iṣu, òdòdó àti èso.

Kí ni wọ́n ń wò kí wọ́n tó pe nǹkan lórúkọ?

Gbogbo ewéko tó ń so irúgbìn, ẹ̀yà ara mẹ́ta ni ìpìlẹ̀ rẹ̀: gbòǹgbò, ọ̀pá àti ewé. Ohun tó gbé ewé dúró ni mo ń pè ní ọ̀pá, ìbáà le bí ìtì ìrókò, ìbáà rọ̀ bí ìtàkùn. Òdòdó, èso, ẹ̀gún, okùn tín-ín-rín tí ewéko fi ń lọ́ mọ́ igi, ọ̀pọ̀ jù lọ wọn jẹ́ ọ̀pá tàbí ewé tó yí padà láti ṣe iṣẹ́ mìíràn. Lọ́dún 1790 ni Johann Wolfgang von Goethe, akéwì ọmọ Jámánì tó tún fẹ́ràn ewéko, kọ ọ́ pé ewé tó para dà ni gbogbo ẹ̀yà ara òdòdó. Àwọn tó ń ṣe ìwádìí lónìí rí i pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á délé.

Báwo la ṣe wá ń dá ọ̀pá mọ̀ yàtọ̀ sí gbòǹgbò? Ẹ wo ìrèké. Àwọn ibi tó ṣe oríkèé oríkèé yẹn ni ewé ti ń yọ. Gbogbo ọ̀pá ló ní oríkèé, bí kò tilẹ̀ hàn tó ti ìrèké tàbí ti ọparun. Gbòǹgbò kò ní. Ó lè pẹ̀ka bó ṣe wù ú, ṣùgbọ́n ẹ kò ní rí oríkèé lára rẹ̀, ewé kì í sì í tò lé e lórí.

Ohun kejì ni abíyá. Níbi tí ewé bá ti so mọ́ ọ̀pá, igun kan wà lókè rẹ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Igun yẹn ni a ó máa pè ní abíyá ewé. Inú rẹ̀ ni ojú máa ń wà, ìyẹn ìrudi kékeré tó lè di ẹ̀ka tàbí òdòdó. Nítorí náà, ohun tó bá ní ojú lábíyá, ewé ni. Ohun tó bá yọ láti inú abíyá ewé, ẹ̀ka ni tàbí ohun tó ti ara ẹ̀ka wá. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má gbàgbé gbólóhùn méjì yìí, torí a ó máa padà sídìí wọn.

Ṣé gbogbo ohun tó ń ta nínú ilẹ̀ ni gbòǹgbò?

Rárá. Ẹ gbé pòtétò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ànàmọ́, èyí tí àwọn mìíràn ń pè ní kúkúǹdùkú. Lójú, ọmọ ìyá ni wọ́n. Ṣùgbọ́n ara pòtétò ní àwọn ihò kéékèèké tí èhù ń gbà yọ, àpá tín-ín-rín kan sì wà létí ihò kọ̀ọ̀kan. Ewé kan tí kò rí ààyè dàgbà ló wà níbi àpá yẹn rí. Ewé rèé, abíyá rèé, ojú rèé: ọ̀pá ni pòtétò. Ọ̀pá tó wọ ilẹ̀ lọ, tó kó oúnjẹ pamọ́ sára títí ó fi sanra. Ẹ fi í sínú ìmọ́lẹ̀ pẹ́, yóò di àwọ̀ ewé.

Ànàmọ́ kò ní oríkèé kankan. Gbòǹgbò tó wú ni. Ẹ̀gẹ́ náà rí bẹ́ẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń gbin ẹ̀gẹ́ kì í fi ẹ̀gẹ́ fúnra rẹ̀ sínú ilẹ̀. Igi rẹ̀ ló ń gé, torí ara igi ni oríkèé àti ojú wà.

Atalẹ̀ jẹ́ ọ̀pá tó dùbúlẹ̀ tó sì ń wọ́ lọ nínú ilẹ̀. Àwọn òrùka ara rẹ̀ ni oríkèé rẹ̀. Kókò jẹ́ ọ̀pá tó kúrú tó sì ki. Àlùbọ́sà ló máa ń ya àwọn ènìyàn lẹ́nu jù. Ẹ là á sí méjì láti orí dé ìdí. Nǹkan líle pẹlẹbẹ kékeré tó wà nísàlẹ̀ pátápátá, tí àwọn gbòǹgbò wẹ́ẹ́rẹ́ so mọ́, òun nìkan ni ọ̀pá. Gbogbo ìyókù tí ń mú ojú ṣomi yẹn, ìdí ewé ni, ọ̀kan nínú òmíràn.

Iṣu ti kó àwọn onímọ̀ ewéko sí wàhálà. Kò ní ewé kéékèèké lára bíi pòtétò, kò sì hùwà bíi gbòǹgbò délẹ̀. Àwọn onímọ̀ kan pè é ní ọ̀pá, àwọn kan pè é ní gbòǹgbò, àwọn mìíràn ní ibi tí ọ̀pá àti gbòǹgbò ti pàdé nígbà tí ewéko náà ṣì kéré ló ti wá. Ṣùgbọ́n irú iṣu kan wà tó ń so lókè lára ìtàkùn, Dioscorea bulbifera lorúkọ rẹ̀ nínú ìwé sáyẹ́ǹsì. Ti ìyẹn kò le rárá: inú abíyá ewé ló ti ń yọ, níbi tó yẹ kí ẹ̀ka ti yọ.

Ẹ̀pà ńkọ́? Èso ni. Òkè ilẹ̀ ni òdòdó rẹ̀ ti ń tanná. Lẹ́yìn náà ni ìdí ilé ẹyin òdòdó náà, ìyẹn apá òdòdó tó ń di èso, á gùn sísàlẹ̀, á gún ilẹ̀ wọlé, inú òkùnkùn ibẹ̀ ni yóò sì ti di ẹ̀pà. Ẹni tó bá wo ibi tí a ti wà á jáde nìkan, yóò pè é ní gbòǹgbò.

Kí ló dé tí wọ́n ní ọ̀gẹ̀dẹ̀ kì í ṣe igi?

Kí wọ́n tó pe nǹkan ní igi, ọ̀pá rẹ̀ gbọ́dọ̀ le, kó sì máa wà lókè ilẹ̀ láti ọdún dé ọdún. Bí ẹ bá gé ohun tí a ń pè ní igi ọ̀gẹ̀dẹ̀ níbùú, ẹ kò ní bá igi níbẹ̀. Ìdí ewé lẹ ó bá, ọ̀kan wé mọ́ èkejì, omi kún inú gbogbo wọn. Ọ̀pá tòótọ́ wà nísàlẹ̀ nínú ilẹ̀, kúkúrú, ó sì sanra, lára rẹ̀ ni àwọn ọmọ ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti ń yọ. Ìgbà tó bá fẹ́ so ni orí ọ̀pá náà máa ń gba àárín àwọn ewé yẹn gòkè, tí yóò sì yọrí pẹ̀lú òdòdó. Tó bá so tán, ohun tó wà lókè á kú, àwọn ọmọ á gorí oyè.

Ọparun náà kì í ṣe igi lọ́dọ̀ wọn: ìdílé koríko ló wà, òun àti àgbàdo àti ìrẹsì.

Ewé kan nìyí àbí ewé mẹ́wàá?

Ewé ẹ̀gẹ́ là sọ́nà púpọ̀, ṣùgbọ́n gbogbo ọ̀nà náà pàdé nídìí, wọn kò já kúrò lára ara wọn. Ewé ẹyọ tó là ni wọ́n ń pè é. Ti àràbà yàtọ̀. Níbẹ̀, awẹ́ kọ̀ọ̀kan dá dúró gedegbe, gbogbo wọn sì jáde láti orí igi ewé kan ṣoṣo, ìyẹn apá tín-ín-rín tó so ewé mọ́ ẹ̀ka. Ṣé ewé méje ni, àbí ẹyọ kan?

Ẹ wá ojú. Ojú wà lábíyá níbi tí igi ewé gígùn yẹn ti so mọ́ ẹ̀ka. Kò sí ojú kankan nídìí awẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó parí: ewé kan ni gbogbo rẹ̀, ewé alápapọ̀ ni wọ́n sì ń pe irú rẹ̀. Àwọn awẹ́ náà jẹ́ ọmọ ewé. Ewé ẹ̀wà ní ọmọ ewé mẹ́ta. Àwọn wẹ́wẹ́ tó ń pa dé tí a bá fọwọ́ kan pàtànmọ́, ọmọ ewé ni wọ́n. Odindi imọ̀ ọ̀pẹ kan tó ga ju ènìyàn lọ, ewé kan péré ni.

Èyí tó wù mí jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ewé ọsàn. Ewé ẹyọ ló jọ. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibi tí ewé náà ti pàdé igi rẹ̀: oríkèé kékeré kan wà níbẹ̀, nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ni igi ewé ti máa ń fẹ̀ díẹ̀ lọ́tùn-ún lósì. Ewé ẹyọ kì í ní irú oríkèé yẹn. Ìdí nìyí tí wọ́n fi kà á sí ewé alápapọ̀ tó ṣẹ́ ku ọmọ ewé kan ṣoṣo.

Lẹ́yìn èyí ni wọ́n ń wo bí ewé ṣe tò lára ọ̀pá. Ó lè jẹ́ ẹyọ kan lóríkèé kan, ó lè jẹ́ méjì tó kọjú síra, ó sì lè jẹ́ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ tó yí oríkèé ká. Ti ẹfinrin jẹ́ méjì tó kọjú síra, méjì tó tẹ̀ lé e á sì dábùú wọn. Ẹ fọwọ́ ra ọ̀pá rẹ̀, ó ní igun mẹ́rin. Ìdílé ẹfinrin kún fún irú èyí, àmì méjèèjì yìí sì ni wọ́n sábà fi ń bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i.

Ní ti ìrísí ewé, Yorùbá kò kúkú ní ìṣòro: ó gùn gbọọrọ, ó rí roboto, ó fẹ̀ gbàràgàdà, ẹnu rẹ̀ rí ṣóńṣó. Ibi kan ṣoṣo tó ń tan ènìyàn jẹ ni ewé tó rí bí ẹyin. Orúkọ méjì ni wọ́n ní fún un. Èyí tó fẹ̀ jù nídìí ní orúkọ tirẹ̀, èyí tó fẹ̀ jù lọ́wọ́ òkè ní tirẹ̀. Bí ẹ bá yí ọ̀kan dojú dé, èkejì lẹ ní yẹn. Iṣan ewé náà ní ọ̀rọ̀ tó ń sọ: ti àgbàdo tò gbọọrọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ti màngòrò ṣe bí àwọ̀n. Irúgbìn irú ti àgbàdo sábà máa ń hù pẹ̀lú ewé àkọ́hù kan, irú ti màngòrò pẹ̀lú méjì.

Ṣé ẹ̀gún kì í ṣe ẹ̀gún ni?

Ó ń gún ni o, ìyẹn dájú. Ṣùgbọ́n mẹ́ta ni. Ẹ̀gún ọsàn ń yọ láti inú abíyá ewé. Ẹ ti mọ ìdáhùn: ẹ̀ka ni, ẹ̀ka tó kọ̀ láti gùn tó sì pọ́nnu. Ẹ̀gún kákítọ́ọ̀sì jẹ́ ewé tó para dà. Ìdí nìyẹn tí ọ̀pọ̀ jù lọ kákítọ́ọ̀sì kò fi ní ewé, tó jẹ́ pé ọ̀pá tútù rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ ewé. Ẹ̀gún róòsì kì í ṣe ẹ̀ka, kì í ṣe ewé. Awọ ara ọ̀pá ló wú síta. Kò ní ibì kan pàtó tó ń yọ sí, bí ẹ bá sì fi àtàǹpàkò tì í, yóò já kúrò mọ́nimọ́ni. Ẹ̀gún gàǹgà tó wà lára ìtì àràbà wà ní ìsọ̀rí yìí.

Ìyàtọ̀ yìí wúlò ju bó ṣe rí lójú lọ. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ló ń pe orọ́ ní kákítọ́ọ̀sì, torí àwọn méjèèjì sanra, wọ́n sì lẹ́gùn-ún. Bẹ́ẹ̀ ìdílé wọn kò pàdé níbì kankan nítòsí. Ẹ̀gún kákítọ́ọ̀sì máa ń jáde láti orí ìdì kékeré onírun kan. Orọ́ kò ní irú ìdì bẹ́ẹ̀, oje funfun ló sì ń jáde tí a bá gé e, oje tó lè ba ojú jẹ́.

Èwo gan-an ni òdòdó?

Ẹ mú òdòdó ilá, torí ó tóbi, gbogbo ẹ̀yà rẹ̀ sì hàn. Láti ìta wọlé, ipele mẹ́rin ni. Àkọ́kọ́ ni ìbòrí aláwọ̀ ewé tó bo ìrudi kó tó tanná. Èkejì ni awẹ́ márùn-ún aláwọ̀ ìyeyè, tí ìdí wọn dúdú. Awẹ́ òdòdó nìyí, iṣẹ́ wọn ni láti pe kòkòrò. Ẹ̀kẹta ni akọ: àwọn òwú kéékèèké tó gbé lẹ́búlẹ́bú lórí. Nínú òdòdó ilá, gbogbo akọ so pọ̀ di ọ̀wọ̀n kan tó yí abo ká. Abo ni ìkẹrin, ní àárín gbùngbùn, nísàlẹ̀ rẹ̀ sì ni ilé ẹyin wà. Ilé ẹyin yìí ni yóò di ilá.

Kì í ṣe gbogbo òdòdó ló ní mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Irùkẹ̀rẹ̀ orí àgbàdo jẹ́ akọ nìkan. Abo wà nísàlẹ̀ nínú èèpo, okùn irun kọ̀ọ̀kan tó sì yọ lẹ́nu èèpo náà so mọ́ ẹyin kan. Èyí tí lẹ́búlẹ́bú kò bá dé orí rẹ̀, ibi tirẹ̀ yóò ṣófo lára àgbàdo. Ìyẹn ló ń fa eyín tó fò.

Àwọn òdòdó mìíràn wà tó jẹ́ pé ohun tí a ń wò kọ́ ni òdòdó. Àwọ̀ pupa tàbí àlùkò tó ń dán lára bougainvillea, ewé ni. Òdòdó tòótọ́ ni àwọn funfun tín-ín-rín tó fara pamọ́ sáàárín. Sunflower sì jẹ́ òdìkejì: ohun tó jọ òdòdó ńlá kan, ọgọ́rọ̀ọ̀rún òdòdó wẹ́wẹ́ ni, wọ́n kóra jọ sórí àwo kan. Àwọn tó wà létí ló ní awẹ́ gígùn. "Irúgbìn" kọ̀ọ̀kan tó ń jáde níbẹ̀ jẹ́ èso odindi láti inú òdòdó tirẹ̀.

Tòmátì dà? Kí ni wọ́n ń pè ní èso?

Ohun tí ilé ẹyin òdòdó bá dà lẹ́yìn tó bá gba lẹ́búlẹ́bú, òun ni èso. Kò kan adùn. Tòmátì jẹ́ èso, ata jẹ́ èso, ilá àti elégédé náà bẹ́ẹ̀. Pódi ẹ̀wà jẹ́ èso, ẹyọ àgbàdo kọ̀ọ̀kan sì jẹ́ èso tí èèpo rẹ̀ lẹ̀ mọ́ irúgbìn pinpin.

Bí èso bá rọ̀ láti èèpo dé inú, tí irúgbìn rẹ̀ sì wà nínú ẹran rẹ̀, bẹ́rì ni. Ibẹ̀ ni tòmátì, ata, èso àjàrà àti ọ̀gẹ̀dẹ̀ ti pàdé. Bí ó bá ní kóró líle kan láàárín tó bo irúgbìn mọ́lẹ̀, ìsọ̀rí màngòrò ló wà. Àgbọn àti ẹyìn wà níbẹ̀ pẹ̀lú. Èèpo dídán tó wà níta àgbọn, ìhánhán rẹ̀ àti igbá líle rẹ̀, ìpele èso ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Irúgbìn ni ohun funfun inú rẹ̀ pẹ̀lú omi rẹ̀.

Sitirọ́bẹ́rì ńkọ́? Apá tó pupa tó sì dùn kò ti inú ilé ẹyin wá. Ìjókòó òdòdó ló wú. Àwọn hóró kéékèèké tó wà níta ara rẹ̀ ni èso, ọ̀kọ̀ọ̀kan. Kajú náà ṣe bẹ́ẹ̀ tàn wá: èyí tó pupa tàbí tó pọ́n bí ìyeyè jẹ́ igi òdòdó, ìyẹn apá tó gbé òdòdó dúró, tó wú, èso gan-an ni èyí tó rọ̀ sísàlẹ̀. Ọ̀pẹ̀ òyìnbó jẹ́ òdòdó púpọ̀ tí èso wọn dà pọ̀ di ọ̀kan. Ọ̀pọ̀tọ́ ló ṣe ju gbogbo wọn lọ: inú rẹ̀ ni òdòdó rẹ̀ wà, kì í jẹ́ kó yọ síta rárá.

Ọ̀rọ̀ tòmátì ti dé ilé ẹjọ́ rí. Òfin owó ibodè Amẹ́ríkà tó jáde lọ́dún 1883 bu owó lé ẹ̀fọ́ tó ń ti òkè òkun wọlé, kò bu ú lé èso. Àwọn oníṣòwò kan ní Niú Yọ́ọ̀kì ní èso ni tòmátì, kí wọ́n dá owó àwọn padà. Lọ́dún 1893, ilé ẹjọ́ tó ga jù lọ níbẹ̀ gbà pé lọ́dọ̀ onímọ̀ ewéko, èso ni lóòótọ́. Ṣùgbọ́n òfin owó ibodè ń sọ èdè ọjà, lójú ọjà sì rèé, ẹ̀fọ́ ni. Wọ́n pàdánù. Èmi rò pé ilé ẹjọ́ náà gbọ́n, torí "ẹ̀fọ́" kò sí nínú ọ̀rọ̀ àwọn onímọ̀ ewéko rárá, nítorí náà ohun kan lè jẹ́ èso àti ẹ̀fọ́ pọ̀ láìsí ìjà.

Kí ló dé tí gbogbo rẹ̀ fi jẹ́ Látìnì?

Carl Linnaeus, ọmọ Súwídìn, ló fi orúkọ onípele méjì lélẹ̀ fún ewéko lọ́dún 1753, Látìnì sì ni àwọn ọ̀mọ̀wé ń kọ nígbà náà. Láti 1935, òfin wọn ní dandan ni kí ẹni tó bá rí ewéko tuntun kọ àpèjúwe rẹ̀ ní Látìnì. Ìpàdé wọn ní Melbourne lọ́dún 2011 ló tú okùn yẹn: láti ìbẹ̀rẹ̀ 2012, wọ́n lè kọ ọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì. Orúkọ ṣì jẹ́ Látìnì, ó sì sábà máa ń sọ ìrísí. Spinosus, ẹlẹ́gùn-ún; bí ẹ ṣe rí i lára Amaranthus spinosus nìyẹn, tẹ̀tẹ̀ ẹlẹ́gùn-ún wa. Alata, abìyẹ́; ìtàkùn Dioscorea alata, ìyẹn ewùrà, ní apá pẹlẹbẹ tó gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ.

Bí ẹ bá wá ṣí ìwé kan tó ń ṣàpèjúwe ewéko, ẹ ó bá irú nǹkan báyìí: ọ̀pá kan ṣoṣo tí inú rẹ̀ ṣófo, tí kì í sábà pẹ̀ka, àpá ewé tó ti já wà lára rẹ̀, ewé ẹyọ tó là jinlẹ̀, igi ewé rẹ̀ gùn, ihò sì gba inú rẹ̀ kọjá, gbogbo wọn kóra jọ sórí, akọ àti abo sábà máa ń wà lára ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, èso rẹ̀ jẹ́ bẹ́rì, irúgbìn dúdú púpọ̀ wà nínú rẹ̀. Ìbẹ́pẹ ni.